Ewé tí Ó Fẹ́ràn Ibòji

Apá kìíní: Lábẹ́ igi máńgòrò

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá mú gidigidi, níbo ni ẹ máa ń jókòó sí?

Mo mọ̀ ọ́n. Abẹ́ igi ni. Ẹ kì í jókòó sí àárín pápá, nítorí oòrùn yóò pa yín. Abẹ́ igi máńgòrò tutù. Atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀. Ẹ lè ṣeré níbẹ̀, ẹ lè pàlọ́ níbẹ̀, ara yín yóò sì balẹ̀.

Àwọn ewéko kan wà tí wọ́n ń ṣe bíi tiyín. Wọn kò fẹ́ kí oòrùn ọ̀sán kan orí wọn. Ibòji ni wọ́n fẹ́. Bí a bá gbìn wọ́n sí abẹ́ igi, tàbí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn kì í pẹ́ lára rẹ̀, ewé wọn yóò tutù, yóò sì máa dán.

Ewé wọn lẹ́wà. A lè gé e, kí á tò ó sínú ìkòkò pẹ̀lú òdòdó, kí á sì gbé e sórí tábìlì. Ó lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ yàrá ìkàwé. Ó lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ ibi ìgbéyàwó tàbí ibi ìsọmọlórúkọ.

Ẹ má ṣe rò pé òdòdó nìkan ni ọ̀ṣọ́. Òdòdó méjì tí ewé dáradára yí ká yóò wu ojú. Ṣùgbọ́n òdòdó ogún tí kò ní ewé kankan yóò dà bí orí tí a kò dì.

Lónìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń gbin irú ewé bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń gé e, àti bí a ṣe ń tò ó.

Apá kejì: Kí ni ibòji?

Ibòji kì í ṣe òkùnkùn. Ní inú ibòji, ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n oòrùn kò kan ewéko lórí tààrà. Ewé igi ti sẹ́ ẹ, bí ìgbà tí a fi asẹ́ sẹ́ ògì.

Báwo ni a ṣe lè mọ ibòji tí ó dára? Ẹ jẹ́ kí á fi ọwọ́ wa wò ó.

Ní ọ̀sán, mú ìwé funfun kan. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí o fẹ́ gbin nǹkan sí. Na ọwọ́ rẹ sókè ìwé náà. Wo òjìji ọwọ́ rẹ.

Bí òjìji náà bá dúdú, tí o lè ka ìka márààrún, oòrùn ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Bí òjìji náà bá fẹ́lẹ́, tí etí rẹ̀ kò hàn dáadáa, ibòji dáradára ni.

Bí o kò bá rí òjìji rárá, tí o kò sì lè ka ohun tí a kọ sínú ìwé, òkùnkùn ni. Ewéko kì í pẹ́ kú níbẹ̀.

Kí ló dé tí ewéko fi ń kú nínú òkùnkùn? Ìdí ni pé ewé ni ilé ìdáná ewéko. Gbòǹgbò ń pọn omi wá láti inú ilẹ̀. Ewé ń gba afẹ́fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni iná tí ewé fi ń se oúnjẹ. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, iná kò sí, ebi yóò sì pa ewéko náà.

Àgbàdo, ilá àti ata fẹ́ iná tí ó pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òbí wa fi ń gbìn wọ́n sí gbangba oko. Ṣùgbọ́n ewéko tí ó fẹ́ràn ibòji kò nílò iná ńlá. Ewé rẹ̀ sábà máa ń gbòòrò, kí ó lè rí ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sí abẹ́ igi gbà.

Bí a bá gbé ewéko bẹ́ẹ̀ sí inú oòrùn ńkọ́? Ewé máa ń làágùn bí àwa èèyàn ṣe ń làágùn. Nínú oòrùn, òógùn rẹ̀ yóò pọ̀. Omi tí ń jáde láti ara ewé yóò ju èyí tí gbòǹgbò ń pọn wá lọ. Ewé yóò rọ. Etí rẹ̀ yóò gbẹ. Lẹ́yìn náà, yóò jóná.

Apá kẹta: Àṣìṣe tí mo ṣe

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún yín. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan ní ilẹ̀ Kétu. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo ilé-ìwé wa. Mo fẹ́ kí iwájú ilé-ìwé náà dára. Èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ẹ̀yìn ilé mi. Pèrègún aláwọ̀ ewé àti ìyeyè pọ̀ níbẹ̀ lábẹ́ igi ńlá kan. A hú 20. A gbìn wọ́n sí ìlà méjì ní àárín pápá, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ọ̀págun àsíá.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ọyẹ́ ń fẹ́. Kò sí igi kan níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní, wọ́n dára. Ní ọjọ́ kẹta, ewé wọn wó lulẹ̀. A bu omi sí i, ṣùgbọ́n kò ràn wọ́n. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ keje, wọ́n ti pọ́n bí ewé tábà. Ojú tì mí. Àwọn ọmọ náà ń wò mí, èmi náà ń wo ilẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà tí ó máa ń ta àkàrà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ó dúró, ó wo pèrègún wa.

Mo ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o."

Ó ní, "Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwọn ewé yìí fi ṣẹ̀ yín?"

Mo ní, "Wọn kò ṣẹ̀ mí, Ìyá. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ilé-ìwé lọ́ṣọ̀ọ́ ni."

Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Níbo ni wọ́n ń gbé kí ẹ tó gbé wọn wá síbí?"

Mo ní, "Abẹ́ igi ni, Ìyá."

Ó ní, "Ẹ dá wọn padà sí abẹ́ igi. Ẹ gé orí tí ó ti jóná kúrò. Ara igi wọn kò tíì kú. Ẹ máa bu omi díẹ̀ sí i, kí ẹ sì ní sùúrù di ìgbà òjò."

A ṣe bí ó ti wí. Nígbà tí òjò dé, ewé tuntun yọ lára igi tí mo rò pé ó ti kú. Nínú 20 tí a gbìn, 13 yè. Méje kú.

Àwọn àlejò ti wá, wọ́n sì ti lọ kí ewé náà tó yọ. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Láti ìgbà yẹn, kí n tó gbin ewéko kankan, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí Ìyá àgbà náà béèrè lọ́wọ́ mi: níbo ni ó ń gbé tẹ́lẹ̀?

Apá kẹrin: Ewé márùn-ún tí ẹ lè mọ̀

1. Pèrègún

Gbogbo yín ni ẹ mọ pèrègún. Ewé rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ bí idà. Èyí kan wà tí ó tutù láti etí dé etí. Èyí mìíràn sì ní ìlà ìyeyè ní àárín. Àwọn bàbá wa máa ń gbìn ín sí ààlà ilẹ̀, nítorí kì í tètè kú. Pèrègún máa ń tanná funfun nígbà mìíràn. Òórùn òdòdó rẹ̀ dùn gan-an, pàápàá ní alẹ́.

Bí a bá gé ewé pèrègún sínú omi, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bàjẹ́. Òdòdó mìíràn kì í tó ọjọ́ méjì. Nítorí náà, ọ̀rẹ́ ńlá ni pèrègún jẹ́ fún ẹni tí ń to òdòdó.

2. Lẹ́funlósùn

Ẹ pe orúkọ náà dáadáa: lẹ́funlósùn. Ó ní ẹfun, ó sì ní osùn. Ewé rẹ̀ ní tóótòòtó funfun bí ẹfun, ó sì ní àwọ̀ pupa bí osùn. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan fi ìka kùn ún. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ó ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nílẹ̀ wa débi pé a ti sọ ọ́ lórúkọ ní èdè wa.

Ó ní iṣu kékeré nínú ilẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ máa ń gbẹ pátápátá. Ẹ má ṣe sunkún, kò kú. Iṣu rẹ̀ ń sùn nínú ilẹ̀ ni. Bí òjò bá dé, yóò jí.

Ẹ gbọ́ o: lẹ́funlósùn jọ ewé kókò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀fọ́. A kì í jẹ ẹ́. Oje rẹ̀ máa ń yún ara. Bí ọmọdé bá fi sẹ́nu, ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ lè wú.

3. Ọmu

Ọmu ni ewé tí ó máa ń hù lára igi ọ̀pẹ àti létí odò. Ewé rẹ̀ tò sí ọ̀tún àti sí òsì bí eyín òòyà. Ọmu kì í tanná, kì í sì í so èso. Báwo ni ó ṣe ń bí? Ẹ yí ewé rẹ̀ tí ó ti gbó síwájú, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí tóótòòtó kéékèèké tí ó ní àwọ̀ ilẹ̀. Eruku kíkúnná wà nínú wọn. Atẹ́gùn ń gbé eruku náà lọ, ibi tí ó bá sì bọ́ sí, bí ibẹ̀ bá tutù, ọmu tuntun yóò hù.

4. Ewé eéran

Ìyá yín mọ ewé yìí jù mí lọ. Òun ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Inú igbó ni ó ń gbé, lábẹ́ igi ńlá. Ewé kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lórí igi rẹ̀ gíga, ó sì gbòòrò bí àwo. Èso rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀. Èso náà pupa, ó sì ní igun mẹ́ta. Ohun kékeré kan wà lára hóró rẹ̀ tí ó dùn ju ṣúgà lọ.

Bí a bá ń to òdòdó, ewé eéran dára láti fi ṣe ẹ̀yìn. Òdòdó pupa tàbí òdòdó funfun yóò hàn dáadáa níwájú rẹ̀.

5. Ọjá-ìkookò

Ẹ mọ ọjá tí ìyá fi ń pọn ọmọ. Àwọn àgbà wo ewé yìí, wọ́n rí i pé ó gùn, ó nípọn, ó sì ní ilà bí ara ẹranko. Wọ́n ní ọjá tí ìkookò fi ń pọn ọmọ rẹ̀ ni. Ọjá-ìkookò kò fẹ́ wàhálà. Ó lè gbé inú ibòji, ó sì lè fara da oòrùn díẹ̀. Omi púpọ̀ ni ó ń pa á. Ẹni tí ó máa ń gbàgbé láti bu omi sí ewéko, kí ó lọ gbin ọjá-ìkookò.

Apá karùn-ún: Bí a ṣe ń gbìn wọ́n

Ìgbà òjò ni ó dára láti gbìn. Ní Àjàṣẹ́, ní Ìṣakété àti ní Pobẹ̀, òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin. Bí ilẹ̀ bá ti mu omi dáadáa, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun kìíní: Ẹ wá ibòji. Ẹ fi ìwé funfun àti òjìji ọwọ́ yín dán an wò, bí a ti kọ́ ọ.

Ohun kejì: Ẹ tún ilẹ̀ ṣe. Ẹ kó ewé jíjẹrà láti abẹ́ igi, kí ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìyẹ tí ó ti pẹ́, tí ó sì ti gbẹ, ẹ dà á mọ́ ọn. Ẹ má lo èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nítorí ó lè jó gbòǹgbò. Ẹ má ṣe walẹ̀ jìn sí ìdí igi ńlá, kí ẹ má baà gé gbòǹgbò rẹ̀. Igi náà ni onílé. Àlejò ni ewé yín.

Ohun kẹta: Ẹ gbin pèrègún. Ẹ ní kí àgbàlagbà gé igi rẹ̀ sí 20 tàbí 30 sẹ̀ǹtímítà. Kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé sàmì sí apá òkè. Kí ni ìdí rẹ̀? Apá tí ó wà lókè tẹ́lẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí a bá dorí rẹ̀ kodò, kò ní hù dáadáa. Ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yí i ká.

Ohun kẹrin: Ẹ gbin àwọn yòókù. A máa ń hú ọmu àti ewé eéran pẹ̀lú gbòǹgbò wọn. Iṣu lẹ́funlósùn ni a ń gbìn, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni kí ó fọwọ́ kàn án. Ọjá-ìkookò rọrùn jù. Bí a bá gé ewé rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, tí a sì ri wọ́n mọ́ ilẹ̀, wọ́n lè ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe máa fà á wò lójoojúmọ́.

Ohun karùn-ún: Ẹ bu omi sí i. Ẹ ti ìka kan bọ ilẹ̀. Bí ìka yín bá gbẹ, ẹ bu omi sí i. Bí ó bá tutù, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ ni ó dára láti bu omi. Ẹ lè lo omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́ tàbí èso. Omi ọṣẹ kò dára.

Ohun kẹfà: Ẹ ní sùúrù. Ẹ má gé ewé kankan kí ewéko tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ tuntun kì í lọ sóko.

Apá kẹfà: Bí a ṣe ń gé ewé

Òwúrọ̀ kùtù ni a ń gé ewé, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ní àkókò yẹn, omi pọ̀ nínú ewé. Bí a bá gé e ní ọ̀sán, òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́, yóò sì tètè rọ.

Olùkọ́ tàbí òbí ni kí ó mú ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú, kí ó sì mọ́. Ọ̀bẹ tí ó kú máa ń tẹ ọ̀nà omi tí ó wà nínú igi ewé pa. Ẹ gé e ní ẹ̀gbẹ́, bí a ṣe ń gé ẹnu kálàmù, kí ó lè rí àyè mu omi.

Ẹ má ṣe gé gbogbo ewé orí igi kan. Ẹ rántí pé ewé ni ilé ìdáná. Ẹni tí a kó gbogbo ilé ìdáná rẹ̀ lọ, kí ni yóò jẹ? Bí ewéko bá ní ewé mẹ́ta, ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi méjì sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti gé e tán, ẹ fi ìdí rẹ̀ sínú korobá omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbé e sí ibòji títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́funlósùn nìkan ni ó fẹ́ ìtọ́jú ju èyí lọ: kí àgbàlagbà ri gbogbo ewé náà sínú omi di ọjọ́ kejì, nítorí ó tètè ń rọ. Lẹ́yìn náà, kí ó da omi náà nù.

Apá keje: Bí a ṣe ń to ewé àti òdòdó

Ẹ ti rí ibi tí ẹbí kan ti fẹ́ ya fọ́tò rí. Báwo ni wọ́n ṣe ń dúró? Àwọn tí ó ga máa ń dúró sẹ́yìn. Bàbá àgbà àti Ìyá àgbà máa ń jókòó sí àárín. Àwọn ọmọdé máa ń wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ojú fi ń hàn.

Bí a ṣe ń to ewé nìyẹn.

Ewé gíga ni a kọ́kọ́ ń tò sí ẹ̀yìn. Pèrègún tàbí ọjá-ìkookò ni. Kò yẹ kí ó ga jù, kí ìkòkò má baà ṣubú. Bí ìkòkò yín bá ga tó 20 sẹ̀ǹtímítà, kí ewé tí ó ga jù yọ sókè ní 30 sẹ̀ǹtímítà láti ẹnu ìkòkò.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ewé gbòòrò bí ewé eéran sí ìsàlẹ̀, kí ó bo ẹnu ìkòkò. Ẹ fi ọmu sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó mú òdòdó. Òdòdó ni Bàbá àgbà àti Ìyá àgbà. Àárín ni ipò rẹ̀. Mẹ́ta ti tó, márùn-ún sì ti pọ̀.

Ẹ gé gbogbo ewé tí ó bá wọ inú omi kúrò. Ewé tí ó wà nínú omi yóò jẹrà, omi náà yóò sì máa rùn.

Kò pọn dandan kí ìkòkò náà jẹ́ olówó ńlá. Agolo tòmátì tí a ti fọ̀ dára, tí a bá ti fi òkúta tẹ etí rẹ̀ tí ó mú. Igbá dára. Ìkòkò amọ̀ dára. Bí ìkòkò bá fúyẹ́, ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Apá kẹjọ: Omi ìkòkò àti ẹ̀fọn

Apá yìí ṣe pàtàkì, ẹ̀yin ọmọ mi.

Ẹ̀fọn fẹ́ràn omi tí kò ṣàn. Inú rẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí. Ẹyin di ọmọ tí ń jó nínú omi. Ọmọ náà di ẹ̀fọn, ó sì fò lọ. Èyí lè ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn ẹ̀fọn kan ń fún wa ní ibà, àwọn mìíràn sì ń fún wa ní àìsàn mìíràn. Ọ̀ṣọ́ tí ó bá ń bí ẹ̀fọn nínú yàrá ìkàwé ti di ọ̀tá.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹnì kan ní kíláàsì. Ní ọjọ́ kejì kejì, kí ó da omi àtijọ́ sí ìdí ewéko, kí ó fọ inú ìkòkò, kí ó sì bu omi tuntun. Ewé náà yóò pẹ́, ẹ̀fọn kò sì ní rí ibi bímọ. Bí ìsinmi bá dé, ẹ da gbogbo omi nù, kí ẹ dojú ìkòkò dé.

Apá kẹsàn-án: Ẹ ṣọ́ra

Ẹ má ṣe fi ewé ọ̀ṣọ́ sẹ́nu. Bí ọmọ kékeré bá jẹ lẹ́funlósùn, ẹ ké sí àgbàlagbà kíákíá. Kí wọ́n fi omi yọ ẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ tí ó ní oje nu ojú.

Ẹ má ṣe hú pèrègún tí ó wà ní ààlà oko. Pèrègún náà ni ẹlẹ́rìí. Òun ni ó ń sọ pé, "Ibí ni oko Bàbá yìí pin sí." Bí ẹ bá hú u, ẹ lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí méjì.

Ẹ má ṣe wọ igbó tí àwọn àgbà ní kí a má wọ̀. Ẹ má sì ṣe dá lọ sínú igbó. Ejò náà fẹ́ràn ibòji.

Ohun kan tún kù. Igbó tí ewé eéran ń gbé ń dín kù, nítorí a ń gé igi fún oko, fún igi ìdáná àti fún ilé. Bí igi ńlá bá ti lọ, ibòji ti lọ. Bí ibòji bá ti lọ, ewé eéran, ọmu àti àwọn yòókù yóò lọ pẹ̀lú. Àwọn ìyá tí ń ta ẹ̀kọ yóò wá ewé tì.

Ìdí nìyí tí a fi ń gbin igi. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi. Ní ọjọ́ náà, ẹ gbin igi kan sí ilé-ìwé yín. Ẹ ṣe ọgbà yí i ká, kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Ẹ máa bu omi sí i ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, yóò ní ibòji. Àwọn àbúrò yín yóò jókòó sí abẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì gbin ewé síbẹ̀.

Iṣẹ́ fún wa

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ibòji àti òkùnkùn?
2. Kí ló dé tí pèrègún olùkọ́ náà fi jóná?
3. Mélòó ni ó yè? Mélòó ni ó kú?
4. Kí ni ìtumọ̀ orúkọ lẹ́funlósùn?
5. Kí ló dé tí a fi ń sàmì sí apá òkè igi pèrègún kí a tó gbìn ín?
6. Ọjọ́ mélòó mélòó ni a gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi ìkòkò? Kí ni ìdí rẹ̀?

Ẹ ṣe é

Ẹ pín ara yín sí ẹgbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìwé funfun wá ibòji kan nínú ọgbà ilé-ìwé. Ẹ gbin igi pèrègún méjì: ọ̀kan sí ibòji, ọ̀kan sí oòrùn. Ẹ bu ìwọ̀n omi kan náà sí méjèèjì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ lọ wò wọ́n, kí ẹ sì ya àwòrán wọn sínú ìwé yín. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ sọ fún olùkọ́ ohun tí ẹ rí.

Bèèrè nílé

Béèrè lọ́wọ́ Ìyá àgbà tàbí Bàbá àgbà rẹ: ewé wo ni wọ́n mọ̀ tí ó ń gbé inú ibòji? Kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, orúkọ ewé kan lè yàtọ̀. Kọ orúkọ tí wọ́n bá sọ fún ọ, kí o sì kà á fún kíláàsì.